Oko Àlìkámà Tí A Kò Túlẹ̀ Mọ́

Ẹni tó bá rí Gbénró Akínbọ̀dé nínú bọ́ọ̀sì pullman àárọ̀ ọjọ́ Ajé láti Turin lọ sí Saluzzo, yóò rò pé ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Á gbé orí ti gíláàsì, ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀, àpò oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un á wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sì tíì ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó ga, èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì rẹlẹ̀ ju tòsì lọ, torí ọjọ́ pẹ́ tó ti ń yí ọrùn wẹ̀yìn lórí katakata láti wò ó bóyá irin tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn ń la ilẹ̀ tààrà.

Ìgbòho ni wọ́n bí i sí, lókè Òkè-Ògùn. Iṣu àti àgbàdo ni bàbá rẹ̀ ń gbìn. Gbénró fúnra rẹ̀ kọ́ katakata wíwà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ti ìjọba túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ àdúgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Italy, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èso pesche ló kọ́kọ́ ń ká ní Saluzzo, pẹ̀lú àwọn ọmọ Mali àti Gambia, abẹ́ tapolí ni wọ́n sì ń sùn. Níbẹ̀ ló ti bá Signor Ezio pàdé. Signor Ezio jẹ́ àgbẹ̀ kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Milan. Ó ní igi pesche díẹ̀, ṣùgbọ́n àlìkámà ló gbójú lé. Lọ́dún kan, ẹni tó ń bá a wa katakata ṣubú, ó fi itan ṣẹ́. Gbénró, tó ń ká èso nítòsí, sọ pé òun lè wà á. Ọkùnrin arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà kò gbà á padà mọ́.

“Ghéro” ni Signor Ezio ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kò gba “gb”, Gbénró kò sì bá a du ìyẹn. Ọkùnrin náà fún un ní contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ tó gba ọdún já, contratto yẹn ló fi rí permesso, ìwé àṣẹ ìgbélùú, gbà, permesso yẹn ló fi ránṣẹ́ pe Wúràọlá ìyàwó rẹ̀. Turin ni Wúràọlá ń gbé, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní casa di riposo kan. Turin náà ni wọ́n bí Tíolúwaní sí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga báyìí. Gbénró ní yàrá kan lẹ́yìn àká lóko, ibẹ̀ ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń wálé.

Iṣẹ́ àlìkámà kò rí bí wọ́n ṣe ń yà á sára páálí bisikíìtì. Ìgbà ìwọ́wé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kùrukùru bá bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lórí katakata ò ní rí imú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Gbénró máa ń so aratro, irin ńlá tí wọ́n fi ń túlẹ̀, mọ́ ìdí katakata. Irin náà á wọlẹ̀ dé orúnkún ọmọdé, á sì dojú ilẹ̀ dé. Àgékù pòròpórò, koríko àti èso koríko, gbogbo rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀ tútù á bọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi irin eléyín fọ́ ògúlùtu rẹ̀ wẹ́wẹ́, kó tó gbin hóró. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn á máa ro ó, etí á máa hó. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ fún Wúràọlá pé òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jọ ti Ìgbòho lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, pé kò sí ibòmíràn tí Italy ti jọ ilé.

Ọdún tí epo katakata gbówó lérí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Signor Ezio pè é wọ inú ilé ìdáná, ó gbé kọfí síwájú rẹ̀.

“Ghéro, a ò ní túlẹ̀ lọ́dún yìí.”

Gbénró rò pé wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ sinmi ni. “Ẹ ò ní gbin àlìkámà?”

“A máa gbìn ín. Inú àgékù pòròpórò bẹ́ẹ̀ la máa gbìn ín sí. Ẹ̀rọ kan wà tó ń la ilẹ̀ tín-ín-rín, á sọ hóró sí i, á pa á dé, ó tán. Mo máa háyà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Kò ní pẹ́ rárá.”

“Koríko ńkọ́?”

“Oògùn wà. A máa fín in kí a tó gbìn, a tún máa fín in nígbà ìrúwé.”

Gbénró mu kọfí náà. Kì í ṣe koríko ló ń rò.

“Èmi ńkọ́, signore?”

Signor Ezio ń wo ojú tábìlì. “Ohun tí mò ń ná sórí epo àti irin, àlìkámà ò dá a padà fún mi mọ́. Tí mo bá ń bá a lọ báyìí, màá ta oko ni. Nígbà náà, èmi àti ìwọ la jọ máa wá iṣẹ́ kiri.”

Ọkùnrin náà ò sọ ọ́ bí ìkà. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Gbénró rí i bínú sí. Contratto rẹ̀ tó ń gba ọdún já di ti oṣù mélòó kan: ìgbà gbíngbìn, ìgbà fífún ilẹ̀ ní ajílẹ̀, ìgbà ìkórè.

Nígbà òtútù ọdún náà, ó rí iṣẹ́ sí magazzino kan ní Settimo Torinese, níbi tí wọ́n ti ń to páálí ẹrù sórí igi pẹlẹbẹ kí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ. Lórí katakata, èèyàn ń jókòó. Níbí, ẹsẹ̀ ni. Páálí á wá lórí bẹ́líìtì, o ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, o ò sì mọ ibi tó ń lọ, ìwọ ṣáà gbé e. Tó bá wọlé nírọ̀lẹ́, á bá Wúràọlá náà lórí àga, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí òun náà ti fi gbogbo ọjọ́ gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́.

“Bàbá Tíolú, ẹ jẹun kí ẹ tó sùn.”

“Tí mo bá sinmi díẹ̀.”

Àwọn méjèèjì á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí ẹnì kankan kò wò. Lọ́jọ́ kan, Tíolúwaní dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n títí. “Sembrate due zombie,” ló wí, bí òkú méjì tó ń rìn. Wúràọlá rẹ́rìn-ín. Gbénró ti sùn lọ.

Àlìkámà ọdún àkọ́kọ́ yẹn dára. Kò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá ó tilẹ̀ dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ná lé e lórí dín jìnnà, èrè sì kù sọ́wọ́ Signor Ezio lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́. Ó tún òrùlé àká ṣe. Ó mú Gbénró lọ sáàárín oko, ó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀, ó fi ekòló hàn án. Ekòló pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Òjò sì ń wọlẹ̀ dáadáa, kì í gbá ilẹ̀ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. “Ilẹ̀ ń mí,” ni bàbá náà wí. Gbénró ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ ọn fún bàbá náà. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí èrè náà ti jáde, òun mọ̀ ọ́n.

Ìgbà ìrúwé ọdún kejì ni Gbénró ń fọ́n ajílẹ̀ nísàlẹ̀ oko, lẹ́bàá odò tí wọ́n gbẹ́ fún omi, nígbà tó rí i tí ewé ibì kan ń dán ju ti ìyókù lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀. Koríko tí wọ́n ń pè ní loietto ni. Nígbà tó bá ṣì kéré, ó jọ àlìkámà bí ìbejì. Àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ kó fa ìdí rẹ̀ yọ: ìdí tirẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ sì máa ń tàn. Tó bá dàgbà, á yọ lórí àlìkámà, á mu omi rẹ̀, á jẹ ajílẹ̀ rẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀.

Ó sọ fún Signor Ezio, wọ́n sì fín oògùn. Àwọn koríko mìíràn rọ. Loietto tẹrí ba fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó wá gbérí padà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Wọ́n tún fín in. Kò yí padà.

Consorzio, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ló rán Fàrídà wá wò ó. Gbénró ń bá Wúràọlá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́, ló bá gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ sà.” Ó yíjú, ó rí ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà, tó wé ìborùn, tó gbé àpò sí èjìká. Yorùbá rẹ̀ ń lọ sókè ń lọ sódò bíi ti Italian. Ó ní Padua ni wọ́n bí òun sí. Bàbá òun, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Marghera. Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ lòun kà ní yunifásítì Padua.

“Ìṣẹ́yìn àti Ìgbòho, ọ̀nà kan náà ni,” ni Gbénró wí.

“Mi ò dé ibẹ̀ rí, sà.”

Ó rìn káàkiri oko pẹ̀lú àwọn méjèèjì, ó ń fa koríko, ó ń wò ó. Nígbà tó ṣe tán, ó bá Signor Ezio sọ̀rọ̀ ní Italian, ó sì ń tún un sọ fún Gbénró ní Yorùbá bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gbénró gbọ́ ti àkọ́kọ́.

“Oògùn yìí kò ràn án mọ́. Irú kan náà ni ẹ ti ń lò látọjọ́ yìí. Èyí tó lè kú nínú wọn ti kú. Àwọn tí kò lè kú ló ń bímọ.”

“Àìtúlẹ̀ ló fà á?” ni Signor Ezio bi í.

“Àìtúlẹ̀ ò burú, signore. Ilẹ̀ yín sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo rí i. Ṣùgbọ́n aratro ló ń sin èso koríko tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ gbé aratro kúrò, ẹ gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé oògùn kan ṣoṣo lórí. Báyìí, èso rẹ̀ ń dà sójú ilẹ̀ lọ́dọọdún, kò sí ohun tó ń bò ó.”

Ó gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n má ṣe gbin àlìkámà sí ìsàlẹ̀ oko náà lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n gbin ẹ̀wà sóyà, kí oògùn míì lè kan koríko náà. Signor Ezio dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ó ní òun ò mọ sóyà, àlìkámà lòun mọ̀, ọdún kan sí i ò lè pa èèyàn. Gbénró padà sídìí ajílẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe oko rẹ̀.

Ọdún kan sí i yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí wọn. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, loietto ti bo ìsàlẹ̀ oko. Láti ojú ọ̀nà, èèyàn á rò pé pápá ẹran ni. Àlìkámà wà lábẹ́ rẹ̀, ó tín-ín-rín, ó ti gbé ṣírí sórí, ṣùgbọ́n ṣírí náà ò ní nǹkan nínú tó bẹ́ẹ̀. Fàrídà tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rìn jìnnà.

“Ẹ gé e,” ló wí. “Ẹ gé gbogbo rẹ̀ báyìí kí èso rẹ̀ tó gbó, kí ẹ tà á fún ẹni tó ní màlúù. Tí ẹ bá dúró de ìkórè, ohun tó máa dà sílẹ̀ á yọ yín lẹ́nu fún ọjọ́ pípẹ́.”

Signor Ezio bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún dé e. “Àti àlìkámà náà?”

“Àti àlìkámà náà, signore.”

Gbénró ni wọ́n ní kó gé e. Ní Ìgbòho, ẹni tó bá gé ọkà tí kò tíì gbó, olè ni tàbí kí orí rẹ̀ má pé. Ó bọ́ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó já ṣírí kan, ó fi èékánná tẹ hóró rẹ̀. Wàrà funfun jáde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó padà sórí katakata. Ìgbà tó ń lọ ní ìlà àkọ́kọ́, kò wẹ̀yìn. Kì í ṣe bó ṣe ń dun ẹni tó ń wo òkú ló ṣe ń dùn ún. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ti rìn jìnnà bá rántí pé ohun tóun wá gbé, òun gbàgbé rẹ̀ sílé, tó sì ní láti padà. Àárẹ̀ ni. Ó gé e títí oòrùn fi yẹ̀.

Signor Ezio dúró sí etí odò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Gbénró pa ẹ́ńjìnnì, ó rìn wá.

“Bàbá mi ò gé àlìkámà tútù rí,” ló wí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá.”

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ó wá ọ̀rọ̀ Italian tó máa ṣe iṣẹ́ “pẹ̀lẹ́”, kò rí i. Signor Ezio mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Ohun tí wọ́n kórè lórí òkè oko kéré, ó sì dọ̀tí. Àwọn tó ń rà á yọ nínú iye rẹ̀ nítorí èso koríko tó wà nínú rẹ̀. Èrè ò sí lọ́dún náà. Signor Ezio bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé aládùúgbò òun kan fẹ́ gba ilẹ̀ náà. Gbénró sọ èyí fún Wúràọlá ní ọjọ́ ìsinmi kan bí wọ́n ṣe ń bó iṣu.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e fún un,” ni Wúràọlá wí. “Ẹ wá sílé. Ó ti rẹ̀ yín.”

“Ìwọ náà, ó ti rẹ̀ ọ́.”

“Ó rẹ̀ mí sílé. Tiyín ń rẹ̀ yín sí ọ̀nà.”

“Magazzino yẹn kì í ṣe ilé, Wúrà.”

Wúràọlá bó iṣu tó kù tán. Ó kó èèpo iṣu sínú ọ̀rá, ó lọ dà á nù.

Ní òpin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Fàrídà mú ètò kan wá. Signor Ezio gbọ́ ọ tán, ó lọ sídìí fóònù láti pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ku Fàrídà àti Gbénró lẹ́nu ọ̀nà àká.

“Ìsàlẹ̀ oko yẹn, ẹ máa túlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí, bàbá. Kí ó jìn dáadáa. Èso loietto kì í pẹ́ láyé tí wọ́n bá sin ín, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á jẹrà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irin eléyín yà á fúyẹ́fúyẹ́, kí ẹ má tíì gbìn. Kí ẹ dúró. Èyí tó kù lókè á hù. Kí ẹ pa á. Kí ẹ tún dúró, kí ẹ tún pa á. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbin àlìkámà, bó tilẹ̀ pẹ́.”

Inú Gbénró dùn nígbà tó gbọ́ aratro. “Ọdún tó ń bọ̀, a tún máa tú u?”

“Rárá, sà.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Tí ẹ bá tún tú u lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tí ẹ sin tí kò tíì kú, ẹ máa gbé e padà sókè ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó di ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kí aratro tó tún kan ibẹ̀.”

Gbénró wo ọ̀nà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Láti ìgbà tó ti ń wa katakata, ó ti gbàgbọ́ pé títúlẹ̀ lọ́dọọdún ló ń pa koríko, kò rò ó rí pé irin kan náà lè máa hú u jáde.

“Mo mọ ohun tí mò ń gbà lọ́wọ́ yín,” ni Fàrídà wí. “Bàbá mi náà, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá wá sí èbúté, iṣẹ́ rẹ̀ dín. Tí mo bá mọ ọ̀nà míì, màá sọ ọ́.”

“Kò sí aburú níbẹ̀, ọmọ mi. Signor Ezio ló bi ọ́ léèrè, òun ni kí o dá lóhùn.”

Ní oṣù kẹwàá, ó fá ìpẹtà ara aratro, ó fi gírísì kùn ún, ó so ó. Ìsàlẹ̀ oko náà kì í ṣe oko kékeré. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọrùn rẹ̀ ò yí mọ́ nígbà tó fi di ọ̀sán; ó ní láti máa yí gbogbo ara kó tó lè wẹ̀yìn. Ó rò pé òórùn ilẹ̀ yóò dùn mọ́ òun bíi ti àtijọ́. Ó dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kùrukùru tutù wọ inú egungun rẹ̀, ohun tó ń rò jù ni omi gbígbóná tó máa fi wẹ̀.

Ìdúró ló wá le jù. Àwọn aládùúgbò ti gbìn, tiwọn ti ń yọ ewé, oko Signor Ezio ṣì wà ní ìhòòhò. Bàbá náà ń jáde láràárọ̀ láti wo ojú ọ̀run.

“Tí òjò bá rọ̀ jù, ẹ̀rọ ò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́,” ló ń wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, signore.”

“A ò ní lè gbin nǹkan kan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“O ò lè sọ nǹkan míì?”

“Ẹ jẹ́ kó hù ná, signore.”

Ó hù lóòótọ́, ó tẹ́ bí ẹní ewé tútù. Gbénró fi irin eléyín yà á. Ó tún hù, kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ó tún yà á. Òjò ṣú, ó rọ̀, ilẹ̀ di ẹrẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkè gbẹ ojú ilẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gbin àlìkámà nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ìka ọwọ́ Gbénró ò lè di bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, ó padà sí Settimo, sídìí páálí.

Àlìkámà náà hù pẹ́, kò sì gbórí púpọ̀. Nígbà ìrúwé, ó fẹ́lẹ́ lójú tó bẹ́ẹ̀ tí Signor Ezio fi ní òun kò yẹ kóun gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n àlìkámà ni. Loietto díẹ̀díẹ̀ ló wà ní etí oko àti ibi tí omi ti dúró. Gbénró ń rìn káàkiri pẹ̀lú àpò, ó ń fà wọ́n tu kí wọ́n tó gbó, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró, orúnkún ń dún. Àwọn ibì kan wà tí koríko náà ti sá pamọ́ sáàárín ọkà, tó jẹ́ pé àfi kó kúnlẹ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dìde. Kì í ṣe àdúrà ló ń gbà.

Nígbà ìkórè, ẹ̀rọ ńlá wá, eruku gba gbogbo ibẹ̀. Signor Ezio bu hóró sọ́wọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀.

“Ó mọ́,” ló wí.

Kò sẹ́ni tó jó. Hóró náà dín sí ti ọdún tó dára, torí wọ́n gbìn ín pẹ́. Epo tí wọ́n fi túlẹ̀, tí wọ́n tún fi ya ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, jẹ lára rẹ̀. Oògùn tí wọn ò rà púpọ̀ dá díẹ̀ padà. Àwọn tó ń rà á ò yọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, èrè tó kù ò lè dí ihò ọdún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ó tó kí bàbá náà sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé oko òun kò sí fún gbígbà.

Ó tún gbé kọfí síwájú Gbénró. “Dottoressa Fàrídà ní aratro ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.”

“Mo mọ̀, signore.”

“Lọ́dún tó ń bọ̀, màá gbin sóyà sí i. Ìwọ, ohun tí mo lè ṣe ni ìgbà gbíngbìn, ìgbà ìkórè, àti ìgbà fífa koríko. Tí o bá rí ohun tó sàn jù, mi ò ní bínú.”

Gbénró rò ó wò. Kò rí ohun tó sàn jù, kò sì rí ohun tó burú jù. Ó ní òun á máa bọ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìkórè, ìjọ wọn tó ń pàdé nínú capannone kan, ilé ẹrù àtijọ́ lẹ́yìn ojú irin ní Turin, ṣe ìsìn ìdúpẹ́. Ẹnì kan jẹ́rìí pé òun rí permesso gbà, ẹnì kan pé ọmọ òun yè lórí iṣẹ́ abẹ. Wúràọlá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọkọ rẹ̀. Gbénró dìde, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un. Àwọn èèyàn mọ̀ pé oko ló ń ṣiṣẹ́ sí, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ ńlá lórí ìkórè.

“A gbin àlìkámà,” ló wí. “A kórè rẹ̀. Mo dúpẹ́.”

Ó dá ẹ̀rọ náà padà, ó jókòó. Pásítọ̀ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, wọ́n pa á. Tíolúwaní gbé ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sì fi síbẹ̀. “Va bene così, papà,” ló sọ sí i létí: ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹjọ, ó ń to páálí ní Settimo nígbà tí Signor Ezio pè é. Òjò ti rọ̀ sórí àgékù pòròpórò, ni bàbá náà wí. Ewé ti ń yọ lórí òkè oko, ibi tí wọn ò túlẹ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń pọ́n.

“Ó pọ̀?” ni Gbénró bi í.

“Kò tíì pọ̀.”

“Màá wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má fín oògùn sí i o. Irin eléyín la máa fi yà á.”

“Mi ò ní fín in.”

Ó fi fóònù sínú àpò. Páálí mẹ́ta ti dì mọ́ra wọn ní orí bẹ́líìtì nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó gbé èyí tó wà níwájú.